Ọdún wo ni wágọ̀nù yín ń gbé? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tó ń ṣe àwòṣe rélùwéè ẹrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Wágọ̀nù tí mò ń sọ níbí kì í ṣe èyí tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń da èédú sí. Èyí tó ní òrùlé àti ilẹ̀kùn ni, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní van. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ṣúgà, tíì, aṣọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹja àti gbogbo ohun tí òjò kò gbọ́dọ̀ pa sí. Ìwọ̀n OO ni èmi ń lò, ìyẹn ni pé mílímítà 4 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà orí ìwọ̀n yẹn ni gbogbo ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí dá lé. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí. N kò tò wọ́n bí ẹni to ìwé ilé ẹ̀kọ́ o, bí wọ́n ṣe wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe kọ wọ́n.

Kí ló dé tí ẹ máa ń tẹnu mọ́ ọdún tó bẹ́ẹ̀? Ṣebí wágọ̀nù ni wágọ̀nù.

Ẹ fojú inú wo fọ́tò ìgbéyàwó ọdún 1955, kí ìyàwó wá mú fóònù olójú gíláàsì dání. Kò sẹ́ni tí kò ní rẹ́rìn-ín. Bí wágọ̀nù tí a kùn láìbìkítà ọdún ṣe rí lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n wò nìyẹn.

Rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ olówó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí 1923 tó dé, ilé-iṣẹ́ rẹpẹtẹ ló ní i, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ àti lẹ́tà tirẹ̀. Òfin ọdún 1921 ló kó wọn pọ̀ di mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1923: LMS (London, Midland and Scottish), LNER (London and North Eastern), GWR (Great Western) àti SR (Southern). Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1948, ìjọba gba gbogbo rẹ̀, ó di British Railways. Bí olówó bá ti yí padà, àwọ̀ yí padà, lẹ́tà yí padà, nọ́ńbà náà yí padà. Ṣùgbọ́n wágọ̀nù fúnra rẹ̀ kì í kú kíákíá. Òmíràn ṣiṣẹ́ ju 30 ọdún lọ, ọ̀dà tuntun kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi tí ó bá wọ ilé àtúnṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé kó mú ọdún kan, tó bá sì ṣeé ṣe, kó mú oṣù mọ́ ọn. Oṣù kẹsàn-án 1938 ni èmi mú. Ó wù mí nítorí pé ní àkókò yẹn ẹ lè rí wágọ̀nù méjì tí wọ́n jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n so mọ́ra wọn, tí ọ̀kan ru lẹ́tà gàgàrà, tí èkejì ru lẹ́tà tíńtín. Màá sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé orí lẹ́tà.

Mo ti ra wágọ̀nù oníke ní ilé ìtajà. Ibo ni kí n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án?

Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Abẹ́ ni irọ́ máa ń pọ̀ sí jù.

Ẹ mú rúlà, kí ẹ wọn àlàfo láti àárín ẹsẹ̀ iwájú (irin róbótó tó ń yí lójú irin) dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wágọ̀nù olórùlé ti ayé àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9, ìyẹn mílímítà 36 lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó wá lẹ́yìn, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe kó lè sáré, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, mílímítà 40. Mílímítà mẹ́rin péré ni ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ojú yóò rí i. Àwọn tó ń ṣe é fún ọmọdé nígbà kan máa ń lo ṣáásì kan ṣoṣo fún gbogbo ara tí wọ́n bá rọ, kí owó iṣẹ́ lè dínkù. Mo ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí tí ara rẹ̀ dára bí ẹyin, tí ṣáásì rẹ̀ sì jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kùn ún kí n tó wọn abẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ná owó ọ̀dà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tòótọ́ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì kan ààbọ̀, ìyẹn mílímítà 12.5, èyí tí ilé ìtajà ń tà sì máa ń jẹ́ 12.6. Oní-sípóòkù wà, èyí tó jẹ́ abọ́ irin gbalasa náà wà. Bí ọdún bá ṣe ń sún mọ́ wa ni oní-sípóòkù ń dínkù. Ní 1938 méjèèjì ṣì wà lójú irin.

Ọ̀pá bíréèkì: ọ̀tún ni àbí òsì?

Tí ẹ bá kọjú sí wágọ̀nù, ọwọ́ ọ̀tún yín ni orí ọ̀pá náà yóò wà. Tí ẹ bá yí lọ sí òdìkejì, ọwọ́ ọ̀tún yín náà ni. Òfin tó jáde ní 1911 ló béèrè pé kí wọ́n lè fa bíréèkì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wágọ̀nù kò gbọ́dọ̀ máa kọjá láàárín ọkọ̀ méjì láti lọ wá ọ̀pá. Èèyàn púpọ̀ ti kú bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún àwọn wágọ̀nù tó ti wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún láti tẹ̀ lé òfin náà, torí náà tí ọdún yín bá jẹ́ 1912, ẹ ṣì lè ní èyí tí ọ̀pá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan péré.

Ohun tó máa ń da èèyàn láàmú nìyí: nínú bíréèkì tí wọ́n ń pè ní Morton, tó wọ́pọ̀ gan-an, ṣúù bíréèkì méjèèjì, ìyẹn ohun tó ń tẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè dúró, wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n kò sí ṣúù níbẹ̀. Ọ̀pá irin kan ló gba abẹ́ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé tí ọ̀pá méjèèjì bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan yóò yí irin yẹn sí iwájú, èkejì yóò yí i sẹ́yìn. Morton yanjú rẹ̀ pẹ̀lú irin kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń yí agbára ọ̀pá náà padà. Irin kékeré yẹn hàn sójú. Àwọn tó ń ṣe àwòṣe sábà máa ń fo ó dá, tàbí kí wọ́n fi ṣúù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nítorí pé ó dọ́gba lójú wọn. Ẹ fi bíléèdì gé èyí tí kò yẹ kúrò.

Tí wágọ̀nù yín bá ní bíréèkì fákúùmù, èyí tí wọ́n ń darí láti orí ẹ̀rọ iwájú nípa fífa afẹ́fẹ́ inú páìpù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ṣúù yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àgbá fákúùmù yóò wà lábẹ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yóò so ṣúù pọ̀, páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ yóò sì dìde níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó bá kun wágọ̀nù ní àwọ̀ ọkọ̀ fákúùmù tí kò sì fi páìpù sí i, ó ti parọ́.

Bọ́fà àti ẹ̀wọ̀n ńkọ́?

Wágọ̀nù tí kò ní fákúùmù máa ń lo ẹ̀wọ̀n olójú mẹ́ta, bọ́fà rẹ̀ (irin tó ń gba ìkọlù níwájú àti lẹ́yìn) sì yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, mílímítà 6. Èyí tó ní fákúùmù ń lo ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń fi ìdè lọ́ kó lè le, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní Instanter, tí ojú àárín rẹ̀ ní igun mẹ́ta. Bọ́fà tirẹ̀ gùn díẹ̀ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 7. GWR ló fẹ́ràn Instanter jù.

Ẹ ṣàlàyé àwọ̀ àti lẹ́tà fún mi, mo ti ka púpọ̀, orí mi ti dàrú.

Kò yẹ kó dàrú. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé 1936 ni ààlà. Kí ó tó di ọdún náà, ilé-iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kọ orúkọ wọn gàdàgbà sí ara wágọ̀nù. Láti 1936 lọ, wọ́n sọ ọ́ di kékeré, wọ́n tì í sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹrù àti nọ́ńbà. Ọ̀dà funfun wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni lẹ́tà ńlá.

GWR ló rọrùn jù láti fi kọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọ̀ eérú tó dúdú ni gbogbo ara rẹ̀, ṣáásì mọ́ ọn. Láti 1904, lẹ́tà G àti W rẹ̀ ga tó ínǹṣì 25, ìyẹn ju mílímítà 8 lọ lórí àwòṣe wa. Ní nǹkan bí 1920 ó wá sílẹ̀ sí ínǹṣì 16, mílímítà 5 àti díẹ̀. Láti 1936 ó di ínǹṣì 5, kò tó mílímítà méjì. Nítorí náà tí ẹ bá rí fọ́tò kan, ẹ wo gíga lẹ́tà, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọdún. Mo máa ń fi èyí ṣeré lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

LMS: àwọ̀ eérú títí di 1936, lẹ́yìn náà àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní bauxite. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ilẹ̀ pupa tí ẹ mọ̀ ni, irú èyí tó ń kun aṣọ funfun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. LNER fi àwọ̀ eérú sí èyí tí kò ní fákúùmù, ó fi pupa ìpẹtà sí èyí tó ní in, lẹ́tà ńlá rẹ̀ sì jẹ́ N àti E nìkan. SR fi àwọ̀ kọfí tó dúdú sí tirẹ̀.

Nígbà tí British Railways dé, òfin rẹ̀ ṣe tààrà: àwọ̀ eérú fún èyí tí kò ní fákúùmù, bauxite fún èyí tó ní in. Nọ́ńbà àtijọ́ gba lẹ́tà kan síwájú: M fún ti LMS, E fún ti LNER, W fún ti GWR, S fún ti SR. Èyí tí wọ́n kọ́ tuntun gba B, ti àwọn wágọ̀nù olórùlé oní-tọ́ọ̀nù 12 sì bẹ̀rẹ̀ láti B750000. Ẹ̀tàn wà níbí o: wọn kò kun gbogbo ọkọ̀ ní ọjọ́ kan. Ní 1949 ẹ lè rí ọkọ̀ LMS tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí lẹ́tà LMS ṣì ń yọjú, tí wọ́n kàn kùn àlẹ̀mọ́ dúdú kékeré kan sí igun tí wọ́n kọ M àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Mo fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń dán lọ.

Lára ọkọ̀ kan náà, ẹ má gbàgbé àwọn ohun kéékèèké: ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ ní igun ọ̀tún, 12T fún ẹrù tó lè gbà, àti XP lára èyí tí wọ́n gbà láyè kí ó bá ọkọ̀ èrò rìn. Kò sí XP lára ọkọ̀ tí kò ní fákúùmù.

Mo rí fọ́tò àtijọ́ kan, ọkọ̀ tó wà nínú fọ́tò náà dúdú kirikiri. Ṣé dúdú ni kí n kùn ún?

Ẹ rọra. Fíìmù tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán lò nígbà yẹn kò rí àwọ̀ pupa. Ohun pupa ń jáde bíi dúdú, búlúù sì ń jáde bíi funfun. Ọkọ̀ pupa ìpẹtà lè dà bí èédú nínú fọ́tò. Gíga lẹ́tà, ìrísí ilẹ̀kùn, ibi tí páìpù wà, ibi tí ìdọ̀tí kó sí, gbogbo ìyẹn ni kí ẹ fi fọ́tò wò. Ẹ má fi í wo àwọ̀.

Tí ẹ bá wà nítòsí, ẹ lọ fojú ara yín rí i. Ilé àkójọ rélùwéè tó wà ní York, tó ṣí ní 1975, dára, èyí tó wà ní Didcot sì dára fún ẹni tó bá fẹ́ràn GWR. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ ya abẹ́ ọkọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950, Historical Model Railway Society, ń ṣe lẹ́tà alálẹ̀mọ́ tó péye, ó sì ní àkójọ fọ́tò ńlá.

Òrùlé: funfun ni àbí eérú?

Àti funfun àti eérú. Pákó ni òrùlé náà, wọ́n tẹ́ kánfáàsì lé e, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun olójé kùn ún. Ní ọjọ́ tó jáde nílé àtúnṣe, funfun báláú ni. Láàárín oṣù díẹ̀, èéfín èédú ti sọ ọ́ di eérú, lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Nínú ọkọ̀ mẹ́wàá, èmi máa ń jẹ́ kí ẹyọ kan péré funfun.

Fún kánfáàsì náà, ẹ mú tísù, kí ẹ bó o títí yóò fi ku ẹyọ awẹ́ kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí òrùlé, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fa omi tí a fi ń lẹ ike lé e. Yóò wọ inú ike. Tí ó bá hunjọ díẹ̀ níbì kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè ṣe ọwọ́ ìdìmú tó tẹ́ẹ́rẹ́?

Ti gidi fẹ̀ tó ínǹṣì kan, ìyẹn mílímítà 0.33. Kò sí ike tí wọ́n rọ tó lè tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bíléèdì há ti ike kúrò, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ sàmì sí ibi tí ihò yóò wà, kí ẹ lù ú pẹ̀lú ẹnu dríìlì 0.35, kí ẹ tẹ wáyà idẹ, kí ẹ fi ẹ̀kán súpà gúlùù kan dì í láti inú. Kí wáyà náà má baà lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ẹ fi bébà ṣẹ́ńṣẹ́ sáàárín wọn títí yóò fi gbẹ. Ẹ gé wáyà púpọ̀ sílẹ̀. Ó máa ń ta jáde lẹ́nu ẹ̀mú, ẹ kò sì ní rí i mọ́ láyé.

Kí ni orúkọ bíi Mink àti Mica tí mo ń rí lára ọkọ̀ GWR?

Àrokò ni! Àwọn tó ń fi wáyà tẹligíráàfù àtijọ́ ránṣẹ́ láti ibùdókọ̀ sí ibùdókọ̀ kò fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ gígùn. GWR wá fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan. Mink ni wágọ̀nù olórùlé lásán, Mica ti ẹran, Bloater ti ẹja, Siphon ti wàrà, Toad ni ọkọ̀ ẹ̀yìn tí gáàdì ń jókòó sí. Ọkọ̀ ńlá tí a fi ń gbé ẹ̀rọ wúwo, Crocodile ni wọ́n pè é. Iron Mink tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1886 jẹ́ pátákó irin tí wọ́n kàn pọ̀ pẹ̀lú ìṣó olórí, ara rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, mílímítà 64. Ó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nítorí kò ní pákó tí ẹ máa fi ìlà sí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi sáńpépà ra orí ìṣó rẹ̀ dànù lásìkò tí ẹ ń mú ara rẹ̀ dán, ẹ ti pa á.

Orí àmì náà la ṣì wà: àwọn ọkọ̀ ẹja funfun ti British Railways kan ní àmì róbótó búlúù ńlá lára. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó túmọ̀ sí pé rólà bíárìn ló wà ní ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó lè sáré. Ẹni tó bá lẹ àmì náà mọ́ ọkọ̀ tí àpótí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti òróró, ẹ mọ ohun tí màá sọ.

Ibùdókọ̀ GWR ni mo ń ṣe. Ṣé gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ni kó jẹ́ ti GWR?

Rárá o. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń da wágọ̀nù wọn lásán pọ̀: ẹni tó bá ní ẹrù láti kó, kó mú èyí tó bá sún mọ́ ọn. Èyí tí kò sí nínú àdéhùn ni wọ́n kọ N kékeré sí igun rẹ̀. LMS ló ní ọkọ̀ jù, LNER tẹ̀ lé e, GWR sì wà lẹ́yìn wọn, SR ló kéré jù. Nítorí náà, àní ní agbègbè Cornwall pàápàá, níbi tí GWR ti gbilẹ̀, ẹ fi LMS àti LNER sí i dáadáa. Ọkọ̀ SR ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ tó rọra tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń mú ojú, ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan wà.

Ìdọ̀tí wo ni kí n fi sí i?

Díẹ̀. Eruku bíréèkì, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, máa ń bo ṣáásì, ìdí ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ojú pákó tí ọ̀dà ti ṣí ń di eérú, kò dà bí pákó tuntun. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ẹfun. Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ máa ń fi ẹfun kọ orúkọ ìlú tí ọkọ̀ ń lọ tàbí nọ́ńbà ojú irin tí wọ́n máa tì í sí, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fọwọ́ pa á rẹ́, wọ́n á tún kọ òmíràn lé e. Ẹ fi pẹ́ńsù funfun tó mú kọ ọ́ ní gbágungbàgun. Tí ó bá wà ní ìlà, kò dára. Lára irin ẹ̀gbẹ́ ṣáásì, ibì kan wà tí wọ́n máa ń fi bébà kékeré há sí tó ń sọ ibi tí ẹrù ń lọ. Ẹ gé bébà fífẹ̀ mílímítà kan ààbọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ síwájú láti wò ó, ó ti rí i.

Ọkọ̀ mi fúyẹ́, ó ń ṣubú kúrò lójú irin.

Gíráàmù 25 fún ọ̀pá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 50 fún gbogbo ọkọ̀ náà. Ẹ fi òjé sínú kí ẹ tó lẹ òrùlé. Ẹ má ṣe fi gúlùù funfun oníwàrà dì òjé o. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún méjì ni ẹ̀gbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà nínú epo. Òjé àti gúlùù yẹn ń bára wọn jà, òjé á sì fẹ̀ sí i. Ọ̀kan nínú wọn fọ́ tán. Ẹ lo súpà gúlùù, kó má pọ̀.

Ṣé mo lè ṣe wágọ̀nù ti rélùwéè Èkó dípò?

Bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì dùn mọ́ mi. Àlàfo ojú irin ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 ààbọ̀. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6, mílímítà 1067. Tí ẹ bá fi ìwọ̀n 1:76, ìyẹn OO wa, ṣe é, ojú irin yín yóò fẹ̀ tó mílímítà 14, ẹ ó sì ní láti fọwọ́ ṣe é. Ọ̀nà àbùjá ni ìwọ̀n 1:64: ojú irin OO tí wọ́n ń tà káàkiri, mílímítà 16.5, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1067 mu pátápátá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ọkọ̀ náà, ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́ ọ láti inú ike pẹlẹbẹ. Ẹ má mú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ kàn kọ lẹ́tà Nàìjíríà sí i.

Mo ti lẹ lẹ́tà tán. Ṣé kí n fi fáníìṣì sí i?

Ẹ fi í, èyí tí kò dán. Ẹ má fọ́n ọn ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ tàbí tí afẹ́fẹ́ bá tutù tó sì lómi, yóò hu funfun bí ìkùukùu lórí àwọ̀ dúdú GWR. Ẹ dúró di ọ̀la.